Ọwọ́ Ìyá Ni Ó Ń Parí Ère: Bí Iṣẹ́ Ọnà Ṣe Ń Wo Ọgbẹ́ Ọkàn Sàn Láàárín Yorùbá

“Omi ni ó dànù, agbè kò fọ́.” Gbólóhùn yìí ni Yorùbá fi ń tu obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ṣaláìsí nínú. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, ọ̀rọ̀ àánú sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó sọ ọ́ ń rán ìyá náà létí pé òun fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè, àti pé Olódùmarè lè tún fi ọmọ mìíràn ta á lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn abánikẹ́dùn bá ti lọ tán, tí a ti ká ẹní nílẹ̀, tí ilé sì pa rọ́rọ́, kí ni ìyá náà yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Ọwọ́ tí ó ti mọ́ lára láti wẹ ọmọ, láti fi osùn pa á lára, láti gbé e pọ̀n, ṣé yóò kàn dilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?

Ó ti pẹ́ tí àṣà Yorùbá ti dáhùn ìbéèrè yìí, kì í sì í ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n fún ìyá ìbejì ní ère. Wọ́n fún ọmọbìnrin tí ó ń fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹkún ìyàwó. Wọ́n fún ọdẹ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú ní ìrèmọ̀jé. Bí a bá wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa, okùn kan náà ni ó so wọ́n pọ̀: ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ gan-an ni a ń fún ní iṣẹ́ ọnà ṣe. A kì í gbé ọnà wá síwájú rẹ̀ kí ó máa wò ó bí ẹni wòran. Òun ni a ń pè kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tàbí ohùn ara rẹ̀ dá a.

ÈRE ÌBEJÌ

Yorùbá wà lára àwọn ẹ̀yà tí ó ń bí ìbejì jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Ìwádìí tí àwọn oníṣègùn ṣe ní Ìbàdàn àti Ìgbò-Ọrà ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 fi hàn pé, nínú ìbímọ 1000, nǹkan bí 45 ni ó jẹ́ ti ìbejì. Iye yìí ju ìlọ́po mẹ́ta ti ilẹ̀ Yúróòpù ìgbà náà lọ. Ṣùgbọ́n bí ayọ̀ náà ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìbejì sábà máa ń kéré nígbà tí a bá bí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í sì í pé oṣù kí a tó bí wọn. Ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó bí méjì tí ó jẹ́ pé ẹyọ kan ni ó rí tọ́ dàgbà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ rí ọ̀kan tọ́.

Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí a tọ babaláwo lọ. Bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, wọn a tọ agbẹ́gilére lọ. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ọkàn kan náà ni ó so Táyé àti Kẹ́hìndé pọ̀, àti pé bí a kò bá wá ibùgbé fún èyí tí ó lọ, ó lè pe èkejì rẹ̀ mọ́ra. Nítorí náà ni agbẹ́gilére ṣe ń gbẹ́ igi tí ó ga tó nǹkan bí ínṣì 8 sí 12. Bí ọmọ tí ó kú bá jẹ́ ọkùnrin, ère náà yóò jẹ́ ọkùnrin. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ère náà yóò jẹ́ obìnrin. Bí ìdílé náà bá jẹ́ ìdílé tí ń kọ ilà, ilà wọn ni agbẹ́gilére yóò fín sí i lójú.

Ohun kan wà tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu nípa ère yìí. Kì í jọ ọmọ ọwọ́ rárá. Àgbàlagbà ni: obìnrin tí ó ti lọ́mú, tí ó di irun rẹ̀ ní àdìrère, tàbí ọkùnrin tí ó ti gbó tó ọkùnrin. Oríṣiríṣi àlàyé ni àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí èyí. Èyí tí ó hàn gbangba sí ẹni tí ó bá wo ọ̀ràn náà láti ọ̀dọ̀ ìyá ni pé, bí ọmọ bá kú ní kékeré, kì í ṣe ọmọ ọwọ́ nìkan ni ìyá pàdánù. Ó pàdánù ọmọge tí ọmọ náà ìbá dà, ó pàdánù ìyàwó tí òun ìbá sin lọ sílé ọkọ, ó pàdánù ẹni tí ìbá sin òun nígbà tí òun bá dàgbà. Gbogbo èyí ni agbẹ́gilére gbẹ́ sínú igi kékeré kan, tí ó sì gbé e lé ìyá lọ́wọ́.

Níbi tí iṣẹ́ agbẹ́gilére parí sí ni iṣẹ́ ìyá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá ń wẹ ọmọ tí ó kù, yóò wẹ ère náà pẹ̀lú. Bí ó bá ń fi osùn pa ọmọ lára, yóò fi pa ère náà lára. Yóò fi aró kùn ún lórí, yóò fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn àti ní ìdí. Yóò fún un ní ẹ̀wà àti epo jẹ, yóò kì í ní oríkì, yóò kọrin fún un, yóò gbé e lọ́wọ́ jó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò tẹ́ ẹ sùn. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni. Bí ìyá bá darúgbó tàbí tí ó bá kú, ìbejì tí ó kù láàyè tàbí ẹbí mìíràn ni yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère ìbejì ni ó wà lónìí ní ilé àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti lọ́wọ́ àwọn alákòójọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá wò wọ́n yóò rí i pé ojú àwọn kan ti parẹ́. Imú ti tẹ́, ẹnu kò hàn mọ́, ilà tí agbẹ́gilére fín sí i ti di bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ lè rò pé ọjọ́ orí nìkan ni ó bà á jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìyá ni. Fífi omi wẹ̀ ẹ́, fífi osùn pa á àti fífi ọwọ́ ra á lójú ní àràárọ̀ ni ó pa ojú náà rẹ́. Agbẹ́gilére ni ó bẹ̀rẹ̀ ère. Ọwọ́ ìyá ni ó parí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni oògùn wà. Ìbànújẹ́ tí kò ní ibùjókòó a máa wà níbi gbogbo: a wà nínú oúnjẹ, a wà nínú oorun, a wà nínú ohùn tí ìyá fi ń bá ọmọ tí ó kù sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbànújẹ́ bá ti ní ibùjókòó tirẹ̀, tí ó ní àkókò tirẹ̀, tí ó ní omi ìwẹ̀ àti osùn tirẹ̀, ìyá lè ṣe ìtọ́jú rẹ̀ tán, kí ó gbé e kalẹ̀, kí ó sì bá iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ lọ.

ẸKÚN ÌYÀWÓ

Kì í ṣe ikú nìkan ni ó ń dá ọgbẹ́ sí ọkàn ènìyàn. Ìpínyà pẹ̀lú ń dá a. Ní Ọ̀yọ́ àti ọ̀pọ̀ ìlú tí ó wà ní agbègbè rẹ̀, ọmọbìnrin tí ó ń lọ sí ilé ọkọ máa ń sun ẹkún ìyàwó, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní rárà ìyàwó. Òǹwòye kan lè sọ pé ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ni ẹkún ń wá níbẹ̀? Ẹni tí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì ronú kan ohun tí ó wà lọ́kàn ọmọ náà. Ó ń fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń lọ sí agboolé tí kò mọ ìwà wọn, níbi tí ó ti lè bá orogún, níbi tí òun yóò ti jẹ́ àbúrò fún gbogbo ẹni tí ó bá nílé, títí kan ọmọdé.

Ní ọjọ́ mìíràn, ọmọ tí ó bá dúró níwájú bàbá rẹ̀ tí ó ní, “Bàbá, ẹ̀rù ilé tí ẹ fẹ́ fún mi lọ ń bà mí,” àwọn àgbà lè pè é ní aláìgbọràn. Ṣùgbọ́n nínú ẹkún ìyàwó, ó láyè láti sọ ọ́, bàbá gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́, yóò sì súre fún un lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, yóò tọrọ àforíjì, yóò ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀, yóò sọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù. Bí ìyá rẹ̀ bá ti kú, ó lè pe ìyá náà nínú ẹkún náà bí ẹni pé ó wà ní ìjókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e kiri, wọn yóò máa gbe orin lẹ́sẹ̀, kò sì ní dá nìkan rìn.

Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí ni pé ẹkún yìí kì í ṣàdédé bọ́ lẹ́nu. A máa ń kọ́ ọ ni. Karin Barber, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970, ṣe àkọsílẹ̀ púpọ̀ nípa bí àwọn obìnrin ìlú náà ṣe ń kọ́ oríkì àti rárà ìyàwó. Ọmọbìnrin yóò ti máa fetí sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò sì ti máa fi í dánra wò tipẹ́tipẹ́ kí ọjọ́ náà tó kò. Èyí ni pé kí ìpínyà tó dé, ó ti ń fi ohùn wọn ìbẹ̀rù rẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa dé iwájú bàbá rẹ̀, ìbẹ̀rù náà ti di ewì. Ó ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ti di ohun tí ẹnu lè gbé.

ÌRÈMỌ̀JÉ ỌDẸ

Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin ni ó ni ẹkún ìyàwó, àwọn ọdẹ ni wọ́n ni ìrèmọ̀jé. Ìjálá ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọdẹ, a sì lè gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi ìgbéyàwó. Ìrèmọ̀jé kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi ìṣípà ọdẹ nìkan ni à ń sun ún, nígbà tí ọdẹ bá kú tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì péjọ láti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn alààyè. Onímọ̀ nípa lítíréṣọ̀ Yorùbá, Bádé Àjùwọ̀n, ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980.

Akọni ni a mọ ọdẹ sí. Ẹni tí ó ń dá wọ igbó lóru kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omijé rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ a máa sorí àgbà kodò, orí akọni kò sì yàtọ̀. Nínú ìrèmọ̀jé, ọdẹ ń rí àyè sunkún láìsí ìtìjú. Ọ̀kan yóò sun ún, èkejì yóò gbà á. Ẹnìkan yóò ka ìwà òkú, ẹlòmíràn yóò bi í pé èéṣe tí kò fi dágbére. Wọn yóò kó ohun èlò ọdẹ olóògbé jọ, wọn yóò sì gbé e lọ sínú igbó. Nígbà tí wọ́n bá padà, ètò ti parí. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa sunkún lọ lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ti fún ìbànújẹ́ náà ní òpin. Èyí ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ ọnà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Ẹni tí ó bá kó ìbànújẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ yóò kẹ́kọ̀ọ́ pé ìbànújẹ́ pàápàá lè ní òpin.

OHUN TÍ AYÉ ÒDE ÒNÍ Ń SỌ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ayàwòrán kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adrian Hill ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ọdún 1938. Bí ó ti wà lórí ibùsùn ní ilé ìtọ́jú, ó bẹ̀rẹ̀ sí ya àwọn ohun tí ó wà ní àyíká rẹ̀, ó sì rí i pé ọkàn òun ń fúyẹ́. Ó wá ń kọ́ àwọn aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́ ní àwòrán yíyà. Òun ni ó fún irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é títí di òní, ní ọdún 1942. Ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1945. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbọ̀ kan jáde tí ó yẹ ìwádìí tí ó ju 3000 lọ wò. Àbọ̀ náà sọ pé orin, ijó, àwòrán, ìtàn sísọ àti iṣẹ́ ọwọ́ ń ran ìlera ara àti ti ọkàn lọ́wọ́.

Nílé níbí pẹ̀lú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò ti fi irú ọgbọ́n tí ó súnmọ́ èyí hàn. Ní Àrò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, ó ṣètò pé kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé ní àwọn abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ láàárín ará abúlé. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí a bá ya ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn àti kúrò nídìí iṣẹ́, a ti gba ohun tí ìbá ràn án lọ́wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni fi ewì tàbí ère rọ́pò dókítà. Ẹni tí oorun bá dá lójú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́, tí kò lè jẹun, tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀ pé ayé ti sú òun, ilé ìwòsàn ni kí a tètè mú un lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ ọkàn ni kò tíì dé orí ìyẹn, tí yóò sì dé ibẹ̀ bí a bá bò ó mọ́lẹ̀.

KÍ NI ṢÍṢE LÓNÌÍ?

Ayé ti yí padà. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò jẹ́ gbẹ́ ère ìbejì mọ́ nítorí ẹ̀sìn, ẹ̀sìn sì ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Síbẹ̀, kò yẹ kí a rò pé ìyípadà ni ó ń pa àṣà. Àwọn ère ìbejì kan wà tí agbẹ́gilére gbẹ́ tírà sí lọ́rùn tàbí láyà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ rí àwọn ìyá tí ó ń fi ọmọláńgidi oníke tí wọ́n rà lọ́jà rọ́pò ère. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, àwọn onífọ́tò tún wá ọgbọ́n mìíràn dá. Bí ìbejì kan bá kú kí a tó ya fọ́tò wọn, wọn a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, wọn a pààrọ̀ aṣọ fún èyí tí ó kù. Igi ti di ike, ike ti di fọ́tò, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá ń wá kò yí padà: kí ó rí ibi tí yóò gbé ojú àti ọwọ́ rẹ̀ lé.

Ewu tí ó wà lónìí ni pé kí a jù igi sílẹ̀ láìfi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ ni a ń sọ fún pé kí ó gbàgbé, kí ó máa dúpẹ́. Ọmọ ilé ìwé tí bàbá rẹ̀ kú ni a ń sọ fún pé ọkùnrin kì í sunkún. A gba ère lọ́wọ́ wọn, a gba ẹkún lọ́wọ́ wọn, a sì fi ọwọ́ wọn sílẹ̀ ní òfìfo. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kan náà ni ó sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún kì í fọ́ni lójú. Ẹni tí ó ń sun ún ṣì lè rí ọ̀nà tí yóò tọ̀.

Ọ̀nà náà kò ṣòro. Olùkọ́ tí ó bá ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè fún un ní ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, kí ó ya ilé wọn bí ó ti rí nígbà tí bàbá wà, láìfi máàkì sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ewì kọ lè kọ ewì arò fún ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó sì kà á níwájú ẹbí. Opó lè jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n jọ kó oríkì bàbá wọn jọ, èyí tí ọ̀kan kò bá mọ̀, èkejì yóò mọ̀ ọ́n. Ìyá tí ó mọ aṣọ rán lè fi aṣọ tí ó ti rà sílẹ̀ de ọmọ tí kò dúró rán nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa bà. Kò dìgbà tí ohun tí a ṣe bá dára lójú ẹlòmíràn. Wọn kì í gbé ère ìbejì lọ síbi ìdíje.

Iṣẹ́ àwọn àgbà nínú rẹ̀ ni kí wọ́n jókòó tì í bí ẹgbẹ́ ti ń jókòó ti ìyàwó, kí wọ́n gbe orin lẹ́sẹ̀, kí wọ́n má sì tètè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Òpin yóò dé fúnra rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Òótọ́ ni pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ṣùgbọ́n agbè tí omi dànù nínú rẹ̀ ń fẹ́ ọwọ́ tí yóò gbé e dìde, tí yóò nù ún, tí yóò sì gbé e padà lọ sí odò. Àwọn ère kékeré tí ojú wọn ti parẹ́ ń jẹ́rìí sí i pé àwọn ìyá kan ti ṣe iṣẹ́ náà rí, ní àràárọ̀, fún ọdún púpọ̀, títí ọgbẹ́ fi jinná lábẹ́ ọwọ́ wọn.